Ṣé kí àbúrò mi di ìkúùkù sókè lórí pèpéle Òlíḿpíìkì, àbí kó fi sílẹ̀?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin ń sáré, Òlíḿpíìkì ló sì ń lé. Láti ìgbà tí Osimhen ti gbé ẹ̀wù sókè ní Napoli lóṣù kẹwàá 2020 pé kí ọlọ́pàá yé fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní bí òun bá gba mẹ́dà, òun á di ìkúùkù sókè lórí pèpéle. Bàbá wa fárí gá. Èmi ò mọ èyí tí mo lè sọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì: Kó ka òfin 50 nínú ìwé òfin Òlíḿpíìkì ná, èyí tó ní kí eléré má fẹ̀hónú hàn níbi ìdíje. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní 2021: ó lè sọ tẹnu rẹ̀ fún oníròyìn, ó sì lè ṣe àmì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin Britain àti Chile fi orúnkún kan kúnlẹ̀ ní Japan lọ́dún náà kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Pèpéle ni wọn ò gbà.

Àdùkẹ́: Òfin ta ni? Brundage, olórí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé, tó ní kí wọ́n lé Tommie Smith àti John Carlos ní Mexico ní 1968 torí wọ́n di ìkúùkù sókè lórí pèpéle, òun náà ni olórí ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń nawọ́ kí Hitler ní Berlin ní 1936. Ìyẹn ò bí i nínú!

Alàgbà: Ní 1976, ìjọba wa kó àwọn eléré wa kúrò ní Òlíḿpíìkì Montreal, torí New Zealand tí ẹgbẹ́ rọ́gbì wọn lọ bá South Africa ẹlẹ́yàmẹ̀yà ta. Ọ̀ràn náà tọ́ lójú mi. Àmọ́ ta ló bi àwọn tó ti fi ọdún mẹ́rin múra? Ìjọba lè fi eré ṣòṣèlú, kí eléré fúnra rẹ̀ wá panu mọ́?

Ìyá Kẹ́hìndé: Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ la ń sọ. Lilesa ará Ẹtiópíà, tó gba fàdákà nínú eré ìje máráthọ́ọ̀nù, gbé ọwọ́ méjèèjì kọ́ra lórí ní Rio ní 2016 nítorí àwọn Oromo, ẹ̀yà rẹ̀ tí ìjọba ń fìyà jẹ. Kò padà délé àfi 2018. Kí ó mọ ibi tó máa sùn lọ́jọ́ kejì kó tó gbọ́wọ́ sókè.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, mà. Mo ka ti Lilesa fún un. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé wọ́n gba fàdákà ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Kẹ́hìndé: Wọn ò gbà á.

Ẹni tó béèrè: Ha! Ẹ jẹ́ kí n má tíì sọ ìyẹn fún un o.