Ẹ gbà mí o, mi ò rí oorun sùn mọ́, nǹkan sì ń rìn lórí mi

Ìyá Tómi:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó pẹ́ tí mo ti wà nínú gúrúùpù yìí, kíkà ni mò ń kà jù, mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n eléyìí ti fẹ́ ju agbára mi lọ. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Tí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí ojú mi á là kedere, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, orí mi á gbóná, nǹkan á wá máa rìn lábẹ́ awọ orí mi bí èèrà, láti àtàrí títí dé ìpàkọ́. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ká má purọ́, ilé ló fà á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kó wá bá mi nígbà tí Bàbá Tómi ń lọ ìlú ọba. Wọ́n ní kí n má dá gbé. Ta ló sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, kíṣìnì mi ti di tiwọn, ìkòkò tí mò ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù wọ́n ti gbé e sísàlẹ̀ káńtà, rédíò wọn á ti máa pariwo láti aago márùn-ún ìdájí, bí mo bá wọ yàrá wọ́n á tẹ̀ lé mi, "Ìyá Tómi, kò sí nǹkan àbí?" "Ìyá Tómi, o ti jẹun?" Wọ́n tiẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn yàrá mi! Báàgì kan wà tí mo gbé sórí wọ́dúróòbù, wọ́n gbé e lọ láìbi mí, tí mo bá béèrè wọ́n á ní ibi tó dáa ló wà.

Mo ti fi òrí ra orí, mo ti mu tíì oríṣiríṣi, mo ń gbààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àgbo wo ni mo lè lò? Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọsibítù rárá. Ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn bí wọ́n ṣe máa lọ láìdi ìjà, torí Bàbá Tómi ò ní gbà.

Àlájà Ṣíkírá:
Lé wọn lọ! Tèmi ní òun wá kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lo ọdún kan àtààbọ̀, ó ra àgádágodo kékeré sí fìríìjì tí èmi fowó ara mi rà, bí mo bá fẹ́ mu omi tútù àfi kí n tọrọ àyè. Ọjọ́ tí mo gbé àpótí ẹ̀ síta, mo sùn dọ́jọ́ kejì. Oorun yín á padà wá, ẹ gbà mí gbọ́.

Àgbo Aṣèwòsàn:
Òde orí nìyẹn o, bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ti fífọ orí wà, ti mímu wà. Ẹ wá sí ìnbọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé:
Ìyá Tómi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àgbo, ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ ti yẹ BP wò? Nǹkan oṣù yín ń kọ́? Kí lẹ ń lò, kí lẹ ń jẹ, kí lẹ ń mu? Ẹ má fi ìkankan pamọ́.

Ìyá Tómi:
Ẹ ṣé Nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì pé ogójì. BP mi ò ga rí láyé mi. Mi ò lo oògùn kankan, tíì dúdú pẹ̀lú àtalẹ̀ ni mò ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, èyí tó bá kù ni mo máa ń fi gbé oúnjẹ mì, wọ́n ní ó ń mú ara fúyẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń dùn mí jù o. Yàrá èmi àti ọkọ mi!

Dírẹ́fà Ọ̀nà Ìwó:
Tíì dúdú lálẹ́, ẹ wá ń wá oorun? Àwa tí a ń wakọ̀ òru la máa ń mu ìyẹn kí ojú má baà pa dé. Ẹ tún jẹ́ kí n bi yín, ṣé ẹ ń jẹ obì?

Ìyá Tómi:
Kí n má jẹ obì kẹ̀? Obì ni mo fi ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù, torí lọ́sàn-án ni oorun máa ń kùn mí. Mo máa ń ra gbànja lọ́wọ́ Hausa iwájú wa, títí di ìrọ̀lẹ́ tí mo bá tilẹ̀kùn.

Dírẹ́fà Ọ̀nà Ìwó:
Ẹ ò rí i! Ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá Àgbà Ọ̀jẹ́:
Ẹ fi obì sílẹ̀ jàre. Àwọn bàbá wa ń jẹ obì wọ́n sì ń sùn hanrun. Èmi fúnra mi, mo ń jẹ orógbó lójoojúmọ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Dírẹ́fà Ọ̀nà Ìwó:
Ẹ̀yin bàbá, orógbó kọ́ là ń wí. Obì là ń wí.

Bàbá Àgbà Ọ̀jẹ́:
Ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní obì àti orógbó? Èmi tí wọ́n bí sí Ọ̀jẹ́?

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé:
Ẹ má bínú bàbá, òótọ́ ló sọ. Kaféènì tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì, ó wà nínú tíì dúdú náà. Èyí téèyàn bá jẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ á ṣì wà lára ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí àyà lù. Ṣùgbọ́n Ìyá Tómi, ẹ ò sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì sọ ti nǹkan oṣù.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Èmi rò pé ọkọ yẹn náà dá kún un. Ìgbà wo ni wọ́n ń pè yín láti ọ̀hún?

Ìyá Tómi:
Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé ni, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe, ìgbà mìíràn á ti di aago kan òru. Mo máa ń dúró dè wọ́n. Ṣé kí n má gbé fóònù ọkọ mi ni? Ẹ̀gbọ́n wọn á wá tún máa kan ilẹ̀kùn, "ta lò ń bá sọ̀rọ̀ lóru?"

Àlájà Ṣíkírá:
Àjẹ́ ni obìnrin yẹn. Mo ti sọ tèmi.

Ọmọ Lísàbí:
Ẹ rọra Àlájà. Òde orí kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi ìjà wò. Ìyá ìyá mi, ara Abẹ́òkúta ni wọ́n, wọ́n máa ń sọ ìtàn Àrò, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, fún wa. Nígbà tí Lambo, dọ́kítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, inú ilé àwọn ará abúlé ni wọ́n ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sibítù, wọ́n á sì tún ṣiṣẹ́ oko. Mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un, á máa fọ aṣọ ẹ̀. Òyìnbó ló kọ́ Lambo níṣẹ́ dọ́kítà o, síbẹ̀ ó pe àwọn oníṣègùn wa mọ́ra. Òun ló wá di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, nígbà tó yá. Ẹ jẹ́ kéèyàn wà lọ́dọ̀ yín, àní bó bá ń bí yín nínú.

Àgbo Aṣèwòsàn:
Ẹ gbọ́, ó pe oníṣègùn mọ́ra! Ìnbọ́ọ̀sì mi ṣí sílẹ̀.

Ìyá Tómi:
Mi ò ya wèrè o, Ọmọ Lísàbí. Kí ni ti Àrò nínú ọ̀rọ̀ mi?

Ọmọ Lísàbí:
Mi ò pè yín ní wèrè, àǹtí mi. Ẹ má bínú sí mi.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Ìyá Tómi, ẹ forí jì mí, báàgì wo ni wọ́n gbé lórí wọ́dúróòbù? Kí ló wà nínú ẹ̀?

Ìyá Tómi:
Aṣọ ọmọ ni.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Aṣọ Tómi? Ṣebí ẹ ti kọ ọ́ níbí rí pé Tómi ti wà ní praimárì.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé:
Ìyá Tómi?

Ìyá Tómi:
Mi ò fẹ́ sọ ọ́ síbí. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, ní oṣù kọkànlá. Mo bí i, kò ké. Wọn ò jẹ́ kí n rí i, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ìyá kì í rí i, wọ́n gbé e lọ. Gbogbo ẹni tó wọlé wá kí mi ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, omi ló dànù, agbè ò fọ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́, títí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun nígbà tí mo ṣì ń sùn. Ọjọ́ kẹta ni wàrà dé. Ọyàn mi le, aṣọ mi tutù, mo fi gèlè di àyà mi mọ́ra pinpin kó lè gbẹ, mo ń sunkún, Tómi dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò mí. Fíṣà Bàbá Tómi ti jáde ṣáájú, owó tí a fi ṣe é gbèsè ni, wọ́n ní àwọn ò lè sún un síwájú. Mi ò bá wọn jà. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára mi níbi tí mo bí i sí, wọ́n ní kí n padà wá, mi ò lọ, kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi.

Àlájà Ṣíkírá:
Ẹlẹ́dàá mi o. Ìyá Tómi. Ẹ kú ìrọ́jú o, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò, á sì dá a sí.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester:
Ẹ jọ̀ọ́, "á fi òmíràn rọ́pò" náà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èmi náà pàdánù ọmọ ní ibí. Nọ́ọ̀sì gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi bébà tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, mo sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá mi nílé bínú gan-an nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní mò ń pè é padà wá. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé mo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Bàbá Àgbà Ọ̀jẹ́:
Àwọn tó fi àṣà yẹn lélẹ̀ nígbà tí àbíkú ń pa wọ́n lẹ́kún lọ́tùn-ún lósì, wọn ò ya òmùgọ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester:
Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá. Tèmi ni mo sọ.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé:
Ẹ jẹ́ kí n bá Ìyá Tómi sọ̀rọ̀. Ẹ fetí sí mi dáadáa. Obìnrin tó sọ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nù níbi ìbímọ, tí ò padà lọ, tó ń gbààwẹ̀, tó ń fi tíì dúdú gbé oúnjẹ mì, ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ lè ti kéré. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré máa ń jẹ́ kí àyà lù, ó ń mú orí wúwo, ó ń jẹ́ kó rẹ èèyàn. Tíì dúdú tẹ́ ẹ ń mu pẹ̀lú oúnjẹ kì í jẹ́ kí ara gba áyọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa. BP náà lè ga lẹ́yìn ìbímọ fún ẹni tí ò ní i rí, kò yọ ẹni tí ọmọ ẹ̀ kú sílẹ̀. Ní ọ̀la, ẹ lọ yẹ PCV, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara yín, àti BP wò. Ẹ jáwọ́ nínú ààwẹ̀. Ẹ má mu àgbo kankan ná.

Ìbéèrè kan ló kù, ẹ má bínú: kí ló dé tí wọ́n fi yọ kọ́kọ́rọ́?

Ìyá Tómi:
Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra lọ́jọ́ kan. Ẹkún ni mo fẹ́ sun. Wọ́n kàn títí, mi ò dáhùn, wọ́n ní kí káfíńtà wá já a. Mi ò lérò láti pa ara mi o. Ìgbà mìíràn ṣá, mo máa ń wò ó pé kí ilẹ̀ kúkú má mọ́ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé:
Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ fún dọ́kítà, ẹ má dín in kù. Ẹ ò ya wèrè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ni kó tẹ̀ lé yín lọ. Tí èrò yẹn bá lágbára lóru kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ jí wọn, kí wọ́n gbé yín lọ sí pàjáwìrì lóru yẹn kan náà.

Àlájà Ṣíkírá:
Èmi ṣì sọ pé kí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Àgbàlagbà ni.

Ọmọ Lísàbí:
Kí wọ́n fún un tí ara ẹ̀ bá yá. Àlájà, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Tómi:
Ẹ kú ọjọ́ díẹ̀ o. Mo lọ. BP mi dáa, mo ṣáà sọ fún yín. PCV ni 25, wọ́n ní ó yẹ kó tó 36, wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ pé kí n fi ọsàn gbé e mì, kì í ṣe tíì. Wọ́n ní kí n máa wá bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Tuesday, mi ò tíì mọ̀ bóyá màá máa lọ. Mo ti sọ fún Bàbá Tómi kí wọ́n máa pè kí wọ́n tó lọ ibi iṣẹ́, wọ́n sunkún lórí fóònù, mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe àwọn náà, wọn ò dárúkọ ọmọ yẹn látìgbà tí wọ́n ti lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn tẹ̀ lé mi dé ọsibítù, wọ́n gbé rédíò yẹn dání! Oorun ṣì ń ṣe ségesège. Obì, mo ti dín in kù, mi ò lè fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gba báàgì mi.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé:
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ lọ ní Tuesday. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan péré ná, kí ẹ tó pinnu.

Àgbo Aṣèwòsàn:
Àgbo ẹ̀jẹ̀ náà wà o, poroporo bàbà la fi sè é, ẹ wá sí ìnbọ́ọ̀sì.

Adámọ̀:
Mo ti yọ Àgbo Aṣèwòsàn. Ẹni tó bá tún polówó lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí á bá a lọ.