Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ sí Saint-Denis àbí kí n jókòó sílé?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú mi ló bàjẹ́. Físà ilẹ̀ Faransé tí mo ti ń lé kiri láti ọjọ́ yìí, Ọlọ́run ṣe é, ó jáde. Mo rò pé gbogbo ilé ni yóò bá mi yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London, ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ ràn mí lọ́wọ́, òun ló kọ́kọ́ fèsì lórí WhatsApp mọ̀lẹ́bí wa. Ó ní, "Saint-Denis? Àárín àwọn olè yẹn?" Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da fídíò síbẹ̀ nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń dáná sun mọ́tò, ibi tí wọ́n ti já báàgì gbà lọ́wọ́ àlejò. Àwọn àbúrò màmá mi rí i, jìnnìjìnnì bo gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá pè mí, ẹkún ni.

Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ o. Nígbà tóun lọ sí Dubai, ta ló bi í? Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi fi imú fín kó tó fọwọ́ sí i. Mo ti ra àpótí tuntun. Mo ti hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, ẹni tó hun ún sì fi àwọ̀ mìíràn sí i, ìyẹn náà tún jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Ejẹ́ntì gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Saint-Denis ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, pé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ kò jìnnà sílé òun, pé ọjà wọn, kò sí irú ẹ̀yà tí èèyàn kò ní rí níbẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ìlú yẹn léwu tó bí wọ́n ṣe ń wí? Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ ni mò ń bi.

Ìyá Alátà:
Àdúrà lo máa gbà, ọmọ mi. Àbúrò mi lọ sí Ítálì, ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n yọ fóònù lápò rẹ̀. Ó ń wo ère kan lọ́wọ́ ni. Kó tó bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnì kankan. Nọ́ńbà gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló bá fóònù yẹn lọ, títí dòní kò tíì rí àwọn kan nínú wọn. Má gbé fóònù sọ́wọ́.

Ìyá Àjàṣẹ́:
Àǹtí, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Saint-Denis ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìlú wa báyìí, torí àwọn tó ń sọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rí.

Ìlú tó fara ti Paris láti apá àríwá ni. Ará Algeria, Morocco, Mali, Senegal, Ivory Coast, Haiti, Portugal, gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú lọ́jà máa ń ná, láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ẹ wá ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ óò rí ọkùnrin tó ń ta ewé mínítì, ó dì í ní ìdì-ìdì, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ẹ óò rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata rodo. Bí ẹ bá yà díẹ̀, ẹ ó bọ́ sáàárín àwọn tó ń ta aṣọ, wọ́n á máa pariwo iye owó wọn bí ẹni ń kọrin. Màmá Mali kan wà tí mo máa ń ra ilá lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mi ò bá lọ lọ́sẹ̀ kan, á bi mí pé ṣé kò sí o.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sọ fún yín yẹn, Bàsílíkà Saint-Denis, ibẹ̀ ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọba Faransé sí. Louis 16 tí wọ́n bẹ́ lórí àti ìyàwó rẹ̀, Marie-Antoinette, ibẹ̀ ni wọ́n kó egungun wọn wá ní 1815. Apá ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn, ọ̀fẹ́ ni. Ibi sàréè àwọn ọba ni wọ́n ti ń gbowó. Abbot Suger, olórí àwọn mọ́ńkì ibẹ̀, ló tún apá ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́, wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1144, láti ibẹ̀ ni irú ilé gíga onígíláàsì aláwọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ wọ ibẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń ràn, àwọ̀ búlúù àti pupa á bọ́ sórí òkúta lẹ́sẹ̀ yín.

Olè wà o, mi ò ní purọ́. Mẹ́tírò 13, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, máa ń kún fọ́fọ́. Ẹ má dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, torí bí ilẹ̀kùn bá ti fẹ́ pa dé ni wọ́n máa ń já a. Àwọn tó ń ta sìgá lẹ́nu ibùdókọ̀, wọn kò ní fọwọ́ kàn yín, ẹ kàn máa kọjá lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù: bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, "bonjour" ni kí ẹ kọ́kọ́ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tí kò kí wọn, wọ́n á ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí i.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. Mo wà ní Stade de France ní May 2022, ìdíje àṣekágbá Liverpool àti Real Madrid. Èrò há sẹ́nu ọ̀nà, tajútajú bo gbogbo ibẹ̀, ojú mi wú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, àwọn ọ̀dọ́ kan já fóònù mi gbà kí n tó dé ibùdókọ̀. Saint-Denis náà nìyẹn o. Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ràn rẹ ló ṣe sọ̀rọ̀, má fi ìbínú dá a lóhùn.

Ìyá Àjàṣẹ́:
Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni ọjọ́ yẹn. Pápá ìṣeré tó ń gba nǹkan bí èèyàn 80,000, ibikíbi tí èrò tó bẹ́ẹ̀ bá dà jọ, jàǹdùkú á wà níbẹ̀. Kí àlejò kàn wo ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù tàbí eré olórin ńlá bá wà níbẹ̀, kó má gba ọ̀nà yẹn. Ọjọ́ tó kù, àwọn ọmọ wa ń rìn lọ sílé ìwé, wọ́n ń rìn bọ̀.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ̀yin mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbẹ́sẹ̀ sí torí ibẹ̀ lẹ̀ ń gbé. Àlejò ńkọ́?

Tíṣà Ìjẹ̀bú:
Ọ̀rọ̀ olè ti tó, ẹ jọ̀wọ́. Àbúrò, ìwọ tó ni ìbéèrè, o kọ̀wé púpọ̀ o, ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tó yẹ ká mọ̀. Ọjọ́ wo lẹ̀ ń lọ? Ìwọ nìkan ni? Níbo lo máa sùn? Ṣé o ti gba ìwé adójútòfò?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àjàṣẹ́, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Èmi àti màmá mi la jọ ń lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá ti lé ní 70, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, àtẹ̀gùn máa ń nira fún wọn. Àwọn ni wọ́n fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n, wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí bàbá mi ṣì wà láyé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń pariwo ní London wá gbé wọn lọ nígbà náà, ṣebí ó súnmọ́ ibẹ̀ jù mí lọ.

Ìyá Alátà:
Áà! Ìyá arúgbó? Ọmọ, kí ló dé tí o kò tètè sọ? Mo ti rò pé ìwọ nìkan ni.

Bàbá Ìbejì:
Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹ gbé ìyá tí orúnkún ń dùn lọ sáàárín irú èrò yẹn?

Ìyá Àjàṣẹ́:
Kò sóhun tó burú nínú ẹ̀. Ẹ kàn má gbé wọn gba ọkọ̀ ojú irin láti pápá ọkọ̀ òfurufú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní RER B ló ń ti pápá Charles de Gaulle wá, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 13 euro ní 2025, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tírò lásán kò ṣeé lò láti pápá náà. Àwọn kan nínú ọkọ̀ náà kì í dúró ní La Plaine, ibùdó Saint-Denis, wọ́n á gbé yín kọjá dé ibùdó Gare du Nord nínú Paris, ẹ óò sì tún padà wá pẹ̀lú ẹrù. Ẹ wọ takisí tòótọ́, ibi tí wọ́n ti ń tò nìkan. Ẹni tó bá wá bá yín nínú ilé pápá náà pé "taxi, taxi", ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ rántí pé inú Paris nìkan ni ìjọba ti dá owó kan pàtó lé takisí láti pápá ọkọ̀ òfurufú. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Saint-Denis, mítà ló máa kà á.

Láàárín ìlú, tíráàmù T1, ọkọ̀ ojú irin orí títì, dára fún màmá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, ó sì ń dúró ní Basilique. Bí ẹ bá fẹ́ dé Paris, mẹ́tírò 14 ti dé Saint-Denis Pleyel láti 2024, lífítì wà ní gbogbo ibùdó rẹ̀. Nínú Bàsílíkà, kí màmá má sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, àtẹ̀gùn ni. Èyí tó wà lókè tó wọn wò.

Tíṣà Ìjẹ̀bú:
Mo tún béèrè. Níbo lẹ máa sùn?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Tíṣà, mo ti sọ ọ́ o. Ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Tíṣà Ìjẹ̀bú:
O sọ pé ó ń gbé Saint-Denis, o kò sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa sùn. Ìwé wo lo fi gba físà? Ti òtẹ́ẹ̀lì ni àbí tirẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ejẹ́ntì fi òtẹ́ẹ̀lì kan ní Paris sínú fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kejì tí físà jáde ló fagi lé e, kí owó má bàa lọ. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sọ fún mi. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ tí a ń sọ.

Tíṣà Ìjẹ̀bú:
Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀! Físà kọ́ ni ilẹ̀kùn ìkẹyìn. Ọlọ́pàá ibodè lè bi ọ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú pé níbo lo ń lọ sùn, kó sì ní kí o fi ìwé hàn. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹbí, ẹbí náà gbọ́dọ̀ ti gba attestation d'accueil, ìwé pé òun ló máa gbà yín sílé, ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú rẹ̀. Tí kò bá sí, wọ́n lè kọ̀ fún yín láti wọlé, kí wọ́n fi yín sí yàrá ìdúró tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ 4 ni wọ́n lè fi pa yín mọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́. Pẹ̀lú ìyá tó ti lé ní 70!

Ẹlẹ́rù Òkè Òkun:
Tíṣà, ẹ má dẹ́rù ba èèyàn. Mo ti gba ibẹ̀ wọlé léraléra, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Tíṣà Ìjẹ̀bú:
Tìrẹ nìyẹn. Ẹnì kan ládùúgbò wa, ọkọ̀ tó gbé e lọ náà ni wọ́n fi dá a padà. Aṣọ ìgbéyàwó tó gbé lọ ṣì wà nínú àpótí.

Ẹlẹ́rù Òkè Òkun:
Bóyá ó ní ẹ̀sùn mìíràn lọ́rùn.

Alága Ẹgbẹ́:
Ẹ̀yin méjèèjì, ó tó. Ẹ jẹ́ ká ran oníbèéèrè lọ́wọ́.

Ìyá Àjàṣẹ́:
Àǹtí, Tíṣà sọ òótọ́. Sítáǹbù attestation yẹn jẹ́ 30 euro ní 2025. Ẹni tó fẹ́ gbà yín sílé á mú ìwé ìgbélùú rẹ̀, ìwé ilé rẹ̀ àti ìwé owó oṣù lọ. Ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é o. Ṣé orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ilé?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Rárá. Ẹlòmíràn ló gba fúláàtì náà lọ́wọ́ ìjọba, òun háyà yàrá kan nínú rẹ̀. Ó ní kí n má dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níta, ẹ jọ̀wọ́. Ọmọ dáadáa ni, òun ló máa ń fi owó oògùn màmá ránṣẹ́.

Ìyá Àjàṣẹ́:
Kò lè gba ìwé yẹn láéláé nìyẹn. Ilé ìjọba, wọn kò gbọdọ̀ háyà rẹ̀ fẹ́lòmíràn. Bí ẹ bá dárúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún ọlọ́pàá, wàhálà á bá òun àti onílé. Ẹ má sùn síbẹ̀. Ẹ máa kí i ní ọ̀sán, kó wá bá yín jẹun.

Tíṣà Ìjẹ̀bú:
Òtẹ́ẹ̀lì ni, gbogbo òru tí ẹ máa lò, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sì sùn lóòótọ́. Tí ẹ bá ní ìwé òtẹ́ẹ̀lì, owó tí wọ́n retí pé kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 65 euro. Tí kò bá sí, 120 ni. Tẹ ìwé òtẹ́ẹ̀lì sórí bébà, má fi í sínú fóònù nìkan. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ pẹ̀lú, àti ìwé adójútòfò tó tó 30,000 euro fún ìwọ àti màmá.

Bàbá Ìbejì:
Ejẹ́ntì yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Mo ti bá a, kò gbé fóònù mọ́. Mi ò rò pé èmi ló yẹ kí wọ́n máa bá wí, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo sanwó fún. Mo ti gba òtẹ́ẹ̀lì kan ní Saint-Denis níbẹ̀, nítòsí Porte de Paris, lífítì wà níbẹ̀, mo fi orúkọ èmi àti màmá sí i. Owó aṣọ òkè ló lọ sí i. Ìwé adójútòfò ti wà tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì ní sọ.

Ìyá Àjàṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, màmá fẹ́ kó oúnjẹ dání fún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi: èlùbọ́, gàrí, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti kìlíṣí. Ṣé wọ́n á gbà á?

Ìyá Àjàṣẹ́:
Èlùbọ́ àti gàrí, mo máa ń kó o wọlé. Ẹja gbígbẹ, wọ́n gbà á, kó má ṣáà ju kílò 20 lọ fún ẹnì kan. Pọ̀nmọ́ àti kìlíṣí, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ohunkóhun tó bá ti ara ẹran wá, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì dà á nù lójú màmá. Tí ó bá ṣe pé pọ̀nmọ́ ni ọmọ yẹn ń fẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ sí Château Rouge, lórí mẹ́tírò 4. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa dé sí inbox mi, mo fẹ́ wá kí màmá.