Jípù mi ti 1996: ṣé kí n ṣì máa tún un ṣe, àbí kí n gba tuntun?

Awakọ̀Ẹrẹ̀: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Jípù mi, ti 1996, dísù, jíà ọwọ́, ti rin 410,000 kìlómítà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò níṣòro, mo bá ti ṣíná báyìí, ó ti dáhùn. Àmọ́ láàárín oṣù mẹ́rin, mo ti pààrọ̀ rádíétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì àti béárìn ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ìyàwó mi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí n gba tuntun. Ọkàn mi ò gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ tiyín, báwo ló ṣe rí?

Ògbólógbòó: Ẹ má tà á.

ÌyáÌbejì: Èmi tà á, mi ò sì kábàámọ̀. Tèmi ò ní airbag, báàgì tó ń wú bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kò ní ABS tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gbagidi téèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì. Lọ́jọ́ òjò kan mo tẹ bíréèkì lójijì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi. Mo yí ọwọ́ sósì, mo yí i sọ́tùn-ún, ọkọ̀ ṣáà ń yọ̀ lọ síwájú ni. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló kù ká kọlu igi. Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn. Tuntun tí mo ń wà báyìí, bí mo bá tẹ bíréèkì dénú, ọwọ́ ṣì ń gbọ́ tèmi.

Awakọ̀Ẹrẹ̀: Ẹ kú ewu o, Ìyá Ìbejì. Èyí gbá mi láyà.

Ògbólógbòó: Ẹ kú ewu, màmá. Ṣùgbọ́n tuntun náà ní wàhálà tiẹ̀. Dísù òde òní ní fílítà tó ń gba èéfín dúdú. Bẹ́ ẹ kì í bá rìn jìnnà, kì í gbóná tó láti jó èérí inú rẹ̀, ló bá dí. Ti àbúrò mi tan iná pupa nínú igbó lóru, ó kọ̀, kò sáré mọ́.

Jàńjálá: Ṣé ó máa ń gbé e rìn lọ́nà gbooro? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí eré tó já gaara, fílítà á fọ ara rẹ̀.

OlóòlùKékeré: Gbogbo yín ń sọ ẹ́ńjìnnì, ẹ ń sọ fílítà. Ṣáàsì, egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ńkọ́? Èmi tú ẹ́ńjìnnì tèmi palẹ̀, mo tún un ṣe, ó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo ń fi òòlù kékeré gbá ṣáàsì lọ. Níwájú, ó ń dún bí agogo. Nígbà tí mo dé ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, ó dún pù. Mo tún un gbá, orí òòlù bá wọlé. Ìpáàrà àti ẹrẹ̀ gbígbẹ dà sí mi lójú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà dúdú tó wà lára rẹ̀ ṣì ń dán o! Inú ló ti ń jẹ ẹ́ wá síta, láti ara ẹrẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ nígbà tí mo ń la odò kọjá.

Jàńjálá: Ẹ̀gbọ́n, òòlù kékeré? Ṣáàsì kì í ṣe páànù.

OlóòlùKékeré: Àbúrò, ibi tí mo wí yẹn ti di bébà.

ỌmọWẹ́lídà: Ó ṣeé jó, tẹ́ ẹ bá gé e títí tẹ́ ẹ fi kan irin tó mọ́. Ẹni tó bá lẹ irin tuntun mọ́ ìpáàrà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Jàńjálá: Tuntun wo gan-an là ń sọ ná? Jimny tó jáde ní 2018 ṣì ní ṣáàsì àti ásù olódidi, irin kan ṣoṣo tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, níwájú-lẹ́yìn. Defender tuntun ò ní ṣáàsì ọ̀tọ̀ mọ́. Land Cruiser sì ti yọ ásù olódidi kúrò níwájú láti 1998.

Ògbólógbòó: Land Cruiser 105 ńkọ́? 1998 kan náà ni, ásù olódidi ló sì wà níwájú rẹ̀.

Jàńjálá: 100 ni mo ń sọ.

Ògbólógbòó: Land Cruiser lẹ kọ.

ÌyáÌbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá ẹni tó béèrè lóhùn.

Awakọ̀Ẹrẹ̀: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀ ni. Apá ọ̀tún dún kedere látiwájú dẹ́yìn. Apá òsì, lókè ásù ẹ̀yìn, ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi ń dún pù. Mi ò tíì gbá a tagbáratagbára. Ẹ̀rù ń bà mí.

OlóòlùKékeré: Ẹ gbá a.