Tube kan ń pọ́n bí ẹyin iná nínú linear mi, ẹ bá mi dá sí i

Ìgbómìnà_5N (Òmù-Àrán):
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Linear tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni, ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára rédíò mi, tube 811A mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, 1500 volt ló wà lórí plate wọn, ìyẹn irin inú tube tó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ó ń gbé 400 watt jáde lórí ìgbì rédíò 40 mítà, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi. Báyìí 250 ló kù, mo tún wá rí i lálẹ́ àná pé plate ti tube àárín ń pọ́n bí ẹyin iná, àwọn méjì tó kù ò tiẹ̀ pọ́n rárá. Iná tiwa níbí tó bá ti di alẹ́, 170 volt ló máa ń wà. Ṣé tube tuntun ni kí n rà ni? Owó ẹ̀ ò kéré o.

Bàbá Wáyà (Ìlọrin):
Àbúrò, má ra nǹkan kan ná. Kọ́kọ́ pààrọ̀ ibi tí wọ́n jókòó. Tí pípọ́n yẹn bá tẹ̀lé tube lọ, ọ̀rọ̀ ti tube nìyẹn, tó bá dúró sójú ihò àárín, wo sọ́kẹ́ẹ̀tì àti parasitic suppressor tó wà lókè ẹ̀ (wáyà kíká àti rẹsísítọ̀ tí kì í jẹ́ kí tube máa pariwo fúnra ẹ̀), rẹsísítọ̀ ara ẹ̀ máa ń jó láìsọ fẹ́nì kankan.

Ṣùgbọ́n 170 yẹn ló ń kọ mí lóminú. 230 ni tiransífọ́mà ẹ ń retí, tí 170 bá wọlé, filament, ìyẹn wáyà tó ń gbóná nínú tube, tó yẹ kó gba 6.3 volt á máa gba bíi 4.7. Thorium tó wà lára wáyà inú tube yẹn ló ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, tí wáyà bá tutù tó o sì tún ń fa iná gidi lára ẹ̀, thorium ojú ẹ̀ á tán. Ó ti rẹ àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹyọ kan wá ń ru ẹrù àwọn mẹ́ta. Lójú tèmi, èyí tó ń pọ́n gan-an ló sàn jù nínú wọn! Fún àwọn méjì yẹn ní 6.3 pípé fún wákàtí díẹ̀ láìsí HV (iná 1500 volt yẹn), nígbà míì wọ́n máa ń sọjí.

Tanke_QRO:
Bàbá ti sọ ọ́. Àmọ́ ojú pin sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó ti wọn iná filament, kì í ṣe ẹnu tiransífọ́mà. Tube kọ̀ọ̀kan ń fa 4 amp, mẹ́ta á fa 12, wáyà tín-ín-rín àti choke (wáyà kíká tí iná filament ń gbà kọjá) á ti jẹ lára ẹ̀ kó tó débẹ̀. Wáyà bọ́ọ̀bù ilé ni mo lò sí tèmi, 5.6 ni mo bá lójú pin 😂. Stabilizer kékeré ni mo wá gbé sí filament nìkan, kò ju 80 watt lọ.

Ìgbómìnà_5N:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé mítà, mo ń ṣí i báyìí.

Bàbá Wáyà (Ìlọrin):
Dúró! Yọ fíúsì HV kó o tó tan filament. Lọ́jọ́ kan mo yọ plug, mo lọ jẹ iyán kí n tó padà dé ìdí ẹ̀, mi ò mọ̀ pé bleeder kan, rẹsísítọ̀ tó ń fa iná tó kù nínú kàpásítọ̀ HV dànù, ti já, kàpásítọ̀ yẹn gbá mi mọ́ ògiri, ìyàwó mi rò pé orí àga ni mo ti ṣubú. Wá igi gbígbẹ, so wáyà mọ́ orí ẹ̀, di ìdí wáyà mọ́ chassis (àpótí irin ẹ̀rọ) KÍ O TÓ fi orí ẹ̀ kan kàpásítọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ kejì, àpò ni kó wà.

Ìgbómìnà_5N:
Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Kàpásítọ̀ kan ta "kàù" nígbà tí mo fi igi kàn án, àyà mi já. Pípọ́n yẹn tẹ̀lé tube. Lójú pin, 4.9, ìyẹn nígbà tí iná ilé wà ní 190 o. Mò ń bọ̀ ní Ìlọrin lọ́la, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí wáyà tó nípọn nítòsí Ọjà-Ọba?