Ayálégbé ni, kì í ṣe ayédèrú

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Nínú iṣẹ́ títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá tí a jọ ń ṣe, ẹ̀gbọ́n wa kan tún dábàá lọ́jọ́ Àìkú pé kí a máa pe virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwia dá sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ní “ẹ̀rọ ayédèrú”, kí a sì pe steal time, àkókò tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń dúró kí CPU tó kàn án, ní “olè àkókò”. Mo mọ̀ pé wọ́n fara ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Àmọ́ ìtọ́jú sáfà tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń jẹun, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò sì bá ohun tí mo ń fojú rí lójoojúmọ́ mu.

Ayédèrú lowó tí ọjà kò gbà. Ayédèrú loògùn tó ń pa aláìsàn. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí ń ṣiṣẹ́ gidi: ó ní Linux tirẹ̀, ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí o bá pa á tí o tún un tàn, àwọn tí wọ́n jọ wà lórí irin kan náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà gidi tó ṣeé fọwọ́ kàn, kò ní mọ̀. Irin nìkan ni kò ní. Ẹni tó ń gbé ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ayálégbé là ń pè é. “Ẹ̀rọ ayálégbé” ni mo fara mọ́, kí kọ̀ǹpútà tó gbà á sílé jẹ́ “ẹ̀rọ onílé”, kí hypervisor, ètò tó ń pín agbára fún wọn, sì jẹ́ “alámòójútó ilé”. Lórí Linux, onílé fúnra rẹ̀ ló tún ń ṣe alámòójútó, nítorí KVM, hypervisor ti Linux, ti wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, láti ọdún 2007 tí ẹ̀dà 2.6.20 jáde.

Container, àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún ètò kan lórí kọ̀ǹpútà, ńkọ́? Kò ní kernel tirẹ̀, ti onílé ni gbogbo wọn jọ ń lò, bí àwọn tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé tí wọ́n ti ń dáná nílé ìdáná kan ṣoṣo. “Yàrá” tó o. “Àpótí” tí àwọn kan ń pè é kò jẹ́ kí a rí ilé ìdáná yẹn.

Ti steal ló ká mi lára jù. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pè mí ní aago méjì òru, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Sáfà oníbàárà kan ń falẹ̀, ó ṣí top, ètò tó ń fi ohun tí CPU ń ṣe hàn, ó rí 38.0 lẹ́gbẹ̀ẹ́ st, ìkékúrú steal. “Ẹ̀gbọ́n, olè ti wọlé sí wa lára!” Ó ti ń pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí “olè àkókò” ló kà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ pín kiri. Olè kankan kò wọlé. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé nínú ìdá 100 àkókò CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún ìdá 38 tí ẹ̀rọ náà kò rí CPU lò, torí pé àwọn mìíràn ni onílé ń dá lóhùn. Ayálégbé ti pọ̀ jù lórí irin náà, ẹnu ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wọn gbé garawa lọ. A ní kí wọ́n kó wa lọ sórí irin mìíràn, kí ilẹ̀ tó mọ́ st ti wálẹ̀ sí 0.3. “Ìdúró-de-onílé” ni mo máa pè é. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ì bá ti sùn.

Irú àṣìṣe kan náà wà nínú “ìwọ̀n ẹrù” tí a fi túmọ̀ load average, nọ́ńbà mẹ́ta tí Linux fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, ti ìṣẹ́jú 1, 5 àti 15, iye iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ àti èyí tó tò ni wọ́n ń kà. Linux tún ń ka àwọn tó ń dúró de dísíìkì mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ́ 12 nígbà tí CPU kò rí nǹkan ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ “ẹrù” á sáré lọ ra CPU sí i. “Iye orí ìlà” ni mo máa kọ.

Èkùrọ́ fún kernel, mo fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Shell tó yí i ká, ètò tí a ń tẹ àṣẹ sí, ló kù. Kí ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń pa èkùrọ́ jọ̀wọ́ sọ fún wa: kí ni wọ́n ń pe èèpo líle yẹn ládùúgbò yín?