Ẹ gbà mí o, òdòdó crocus mi ti tanná, òtútù sì ń padà bọ̀!

Ìyá Ìbejì, Winnipeg: Ẹ̀yin ará wa, ẹ gbà mí! Oòrùn ọ̀sẹ̀ yìí ti tan crocus iwájú ilé mi, ó ti tanná, oṣù kẹrin kò tíì wọlé. Wọ́n ní òtútù ń padà bọ̀ lálẹ́ Ẹtì. Kí ni kí n ṣe? Bó bá sì ń yá báyìí lọ́dọọdún, tí oyin kò tíì jáde, ṣé á ṣì máa so?

Àbẹ̀kẹ́, Saskatoon: Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Crocus ọ̀dàn kì í ṣe ọmọ àná. Irun ara rẹ̀ yẹn, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Manitoba yín ti fi ṣe àmì rẹ̀ láti 1906. Ẹ da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lóru, ẹ ṣí i láàárọ̀. Bí òdòdó bá tiẹ̀ bàjẹ́, gbòǹgbò ò ní kú. Milkweed, ewéko tí ọmọ labalábá monarch ń jẹ, ni ojú mi rí màbo lọ́wọ́ ẹ̀! Torí labalábá monarch ni mo ṣe náwó sí irúgbìn, mo gbìn ín lóṣù karùn-ún, ìkankan ò hù. Mo bínú tú ilẹ̀ náà, mo gbin tòmátò sí i.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, Calgary: Títú tó o tú u gan-an ni àṣìṣe. Irúgbìn yẹn gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù àti ọ̀rinrin kó tó jí. Ì bá hù lọ́dún kejì.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa fi odindi ọdún wo ilẹ̀ lásán? Ẹni tó tà á ni kò là mí lọ́yẹ.

Tájù, Fargo: Ẹ̀gbọ́n jàre o. Kí yìnyín tó bọ́ la máa ń gbìn ín, tàbí ká pò ó mọ́ yanrìn tútù sínú fíríìjì fún bí oṣù kan. Ti crocus yẹn, ayé ló ń móoru. Níbí, onímọ̀ ewéko kan, O. A. Stevens, kọ ọjọ́ tí òdòdó ń tanná sílẹ̀ láti 1910 sí 1961. Nígbà tí wọ́n fi wé 2007 sí 2010, àwọn kan ti yára, àwọn kan tó máa ń kẹ́yìn ọdún tún pẹ́ sí i.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Ní Alberta wa níbí, láàárín 1936 sí 2006, crocus fi bí ọ̀sẹ̀ méjì yá. Àwa la kọ́kọ́ ń rí i!

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin tí chinook, atẹ́gùn gbígbóná orí òkè yẹn, ń bá yọ́ yìnyín láàárín ọjọ́ kan? Ẹ wá Winnipeg, kẹ́ ẹ mọ òtútù.

Tájù: Fargo ò gbà fún yín.

Àbẹ̀kẹ́: Òjò àkọ́rọ̀ ló ń ṣe mí o. Ilẹ̀ Òṣogbo á ti máa ta sánsán báyìí, èsúnsún á máa rọ́ sídìí iná.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun: Má pa mí lẹ́kún. Àsìkò agbálùmọ̀ náà ń lọ. Ta ló ti rí i rà ní Calgary?

Ìyá Ìbejì: Ẹ wá Winnipeg. Tiwa ti dé, ẹ gbé páálí dání!