Ipa ni, kì í ṣe àṣeyọrí

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè,

Mo ka àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe sọ iṣẹ́ Edwin Amenta lédè Yorùbá. Onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ni, ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine. Àbá náà ni pé kí a pe ohun tó ń ṣèwádìí lé lórí, ìyẹn "social movements" (bí àwọn èèyàn ṣe ń kóra jọ láti béèrè àyípadà), ní "ẹgbẹ́ ajìjàǹgbara", kí a sì pe ohun tí wọ́n ń mú wá nínú òṣèlú, ìyẹn "consequences", ní "àṣeyọrí". N kò fara mọ́ ọn, pàápàá ọ̀rọ̀ kejì yẹn.

Ẹ wo àwọn tí ìwádìí náà dá lé. Lọ́dún 1933, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, Francis Townsend, dókítà kan ní Long Beach, ní California, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ó ní kí ìjọba máa fún ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ẹni 60 ọdún, tó sì ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ní 200 dọ́là lóṣooṣù, kó sì ná an tán láàárín 30 ọjọ́ kí ọjà lè tà. Kò pẹ́ tí àwọn àgbàlagbà fi ń dá ẹgbẹ́ Townsend sílẹ̀ káàkiri. Wọ́n ń tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí àwọn aṣòfin, wọ́n sì ń ti olùdíje tó bá gba tiwọn lẹ́yìn. Ìjà tí èèyàn fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ìjàǹgbara. Ta ló de àwọn wọ̀nyí mọ́lẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà bá àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò wọ bọ́ọ̀sì ní Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama, láti December 1955 títí di December 1956 mu dáadáa, torí wọ́n ń tako òfin tó ya ìjókòó wọn sọ́tọ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Síbẹ̀, "ẹgbẹ́" kò tó o níbẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà náà pọ̀, bíi NAACP, SCLC, SNCC àti CORE: olúkúlùkù ló ní olórí tirẹ̀, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọn ó gbà. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ní ẹgbẹ́, kí la ó wá pe ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Ẹnìkan mú "àjọjà" wá. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ní "àwọn méjèèjì jọ jà", ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé wọ́n lu ara wọn.

"Akitiyan ará ìlú" ni mo fara mọ́. Ẹgbẹ́ lè pọ̀ nínú akitiyan kan, akitiyan sì lè rọ̀, ó lè le.

Ní ti "àṣeyọrí", ó tọ́ fún iṣẹ́ William Gamson, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá mìíràn. Lọ́dún 1975, ó gbé ìwádìí jáde lórí ẹgbẹ́ 53 ní Amẹ́ríkà, láti 1800 dé 1945. Ó béèrè bóyá àwọn alátakò gbà wọ́n ní agbẹnusọ fún àwọn èèyàn wọn, àti bóyá àǹfààní tuntun tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ti Amenta yàtọ̀. Àbá Townsend kò di òfin rárá. Bí àṣeyọrí bá ni òṣùwọ̀n, òfo ni. Àmọ́ lọ́dún 1935, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin Social Security, tó ṣètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn àgbàlagbà. Lọ́dún 1939, wọ́n tún un ṣe, owó oṣooṣù tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 1942 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1940. Ida May Fuller ló kọ́kọ́ gbà á: 22.54 dọ́là. Ó jìnnà sí 200, ṣùgbọ́n Amenta ní ọwọ́ àwọn arúgbó yẹn wà nínú bí ètò náà ṣe gbòòrò. Ohun tí à ń pè ní ipa nìyẹn: odò a gbẹ, ipa odò a ṣì wà nílẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí i o. Gamson wádìí àwọn ẹgbẹ́ tó lo ipá pẹ̀lú, nítorí náà "ipa" àti "ipá" yóò máa pàdé nínú gbólóhùn kan náà. Ìwé tí kò bá fàmì sí i yóò ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà.

Ibi tó ṣì há mi ni "political mediation", ọ̀rọ̀ tí Amenta fi ń ṣàlàyé pé ọwọ́ àwọn olóṣèlú ni ipa náà ń gbà kó tó dé inú òfin: bí wọ́n bá ti ń ṣojúrere tẹ́lẹ̀, akitiyan tó rọ̀ ti tó; bí wọn kò bá fẹ́, àfi kí ipò wọn wà nínú ewu. "Ìlàjà" kò bá a mu, torí kò sẹ́ni tó ń parí ìjà níbẹ̀. Mo ro "alárinà" wò, àmọ́ àwọn aṣòfin wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí ẹgbẹ́ Townsend rán níṣẹ́. Ta ló ní èyí tó sàn jù?